Bàbá Tó Ń Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Awakọ̀

Tí ẹ bá dé Ìsùadà tí ẹ bèèrè bàbá mi àgbà ní orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un, wọ́n á kàn máa wò yín ni. Ẹ bèèrè Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́, obìnrin tó ń ta epo pupa létí títì á dìde, á sì mú yín dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ má rò pé ó ń ta kọ́kọ́rọ́ o, kò sì rọ ọ̀kan rí. Ó kàn máa ń gbà á ni. Awakọ̀ tírélà á dé láti ọ̀nà jíjìn, ojú rẹ̀ á ti pọ́n koko, Bàbá á na ọwọ́ sí i láti orí bẹ́ǹṣì, á ní, "Mú un wá." Ọkùnrin fìrìgbọ̀n, tó gbé ẹrù kún ọkọ̀ dé góńgó, á kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún arúgbó tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, á sì lọ sùn.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí tí a sin ín. Àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ sọ àsọdùn, wọ́n ní kò bínú rí láyé rẹ̀. Ẹ gbọ́ irọ́! Bàbá tí mo mọ̀ lè bá ewúrẹ́ fa ọ̀rọ̀ fún odindi ìrọ̀lẹ́. Èmi á sọ èyí tí mo mọ̀, màá sì jẹ́wọ́ níbẹ̀, torí irọ́ kan wà láàárín èmi àti ọkùnrin yìí fún ọdún mọ́kànlá. Èmi ni mo pa irọ́ ọ̀hún. Irọ́ náà ló jẹ́ kó fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, kò sì mọ̀. Gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kó má lọ kú kí n tó rí ẹnu sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti oorun rẹ̀. Bàbá fẹ́ràn oorun, kò sì tijú rẹ̀. Tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, ó ti wọ yàrá lọ nìyẹn. Màmá, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìdáṣẹn ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ọ̀rọ̀ oorun ọ̀sán yìí kò sì yé e títí dòní. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa sọ ọ́ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Ọkọ àwọn ẹgbẹ́ mi wà lóko, tèmi ń hanrun." Bàbá á dáhùn láti inú yàrá, "Ìyá Dúpẹ́, mélòó nínú ọkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ ló ń wa lọ́rì kọjá níwájú ilé ìwé àwọn ọmọdé?" Dúpẹ́ ni ìyá mi.

Lọ́rì ló wà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Iṣu ló ń kó láti Ìdógùn, ìlú bàbá rẹ̀, nígbà mìíràn pákó, nígbà mìíràn sìmẹ́ńtì, ó ń lọ sí Bìní, ó ń lọ sí Èkó, ó ti dé Kàdúná. Kò sí ìjọba tó kọ òfin sílẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, kó rìn yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, kó fọ ojú. Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ó tán. Kì í jẹ iyán lọ́nà, bó ti wù kí ọbẹ̀ náà máa ta sánsán tó. Ó ní iyán àti ìtọ́kọ̀ kò gbọdọ̀ bára wọn pàdé lọ́wọ́ ẹnì kan. Tí ẹlẹ́rù bá ń pariwo pé ọjà òun ń pẹ́, á fún un lésì kan ṣoṣo: "Ọjà tó pẹ́ á tà. Awakọ̀ tó kú ńkọ́?"

Òfin tó wá le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti kọ́kọ́rọ́. Gbogbo awakọ̀ ló máa ń sọ pé bó bá rẹ òun, òun á dúró. Bàbá ní wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní ẹni tí oorun ti ń kùn kò lè dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, torí nǹkan àkọ́kọ́ tí oorun ń jí lọ ni làákàyè tí ì bá fi mọ̀ pé oorun ń kun òun. Nítorí náà, bó bá rí i pé ara òun ti fẹ́ wúwo, tàbí tí òjò bá ṣú, tàbí tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo títì, á páàkì, á yọ kọ́kọ́rọ́, á wá ẹnì kan létí ọ̀nà tí kò mọ òun rí, á kó o fún un. Télọ̀ ni o, ẹni tó ń lẹ táyà ni o, ẹni tó ń din àkàrà ni o. Á ní, "Ẹ má fún mi títí aago mẹ́ta fi máa lù." Bó bá jẹ́ ti kùrukùru, á nawọ́ sí igi kan lókèèrè: "Ẹ má fún mi títí ẹ ó fi rí igi yẹn. Bí mo bá bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́. Bí mo bá bú yín, ẹ foríjì mí."

Alákàrà kan wà ní Ìfọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí ìdí ìró, tó gbàgbé, tó sì gba ọjà lọ. Bàbá jí, ó jókòó ti lọ́rì rẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ẹni tó mọ ìbínú Bàbá á rò pé ó máa ya aṣọ mọ́ obìnrin náà lára. Rárá. Nígbà ọdún Kérésì, ó ra aṣọ fún un. Ó ní, "Nínú gbogbo àwọn tí mo fún ní kọ́kọ́rọ́, ìyá yẹn nìkan ló ṣe é bó ṣe yẹ."

Ẹni tí kì í fún ni ẹlẹ́rù àti èrò inú ọkọ̀. "Ẹni tó ń kánjú ò lè ṣe adájọ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Àlàájì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta pákó láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Ìgbà òjò kan, Àlàájì ní ẹrù tó gbọ́dọ̀ dé Bìní lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ti di pákó sọ́kọ̀ tán, ojú ọ̀run ṣú dùdù, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká páànù lórí ilé. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ìyá Àlàájì tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Ó lọ kúnlẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé ìyá lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ má fún mi títí òjò yìí á fi dá. Ẹ má fún Àlàájì náà." Ṣé Àlàájì á wá já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá tó bí i ni? Ó rojọ́ títí, ìyá ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí Iléyá fi dé, tí odindi itan àgbò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ Àlàájì dé ilé wa. Nígbà ìsìnkú, Àlàájì sọ ìtàn yìí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó ní òun mọ̀ pé n kò lè na ìyá mi."

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó ń dùn mí.

Yétúndé ni orúkọ mi. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ìyá Bàbá kú ni wọ́n bí mi, nítorí náà Bàbá kì í pè mí lórúkọ. "Ìyá mi" ló ń pè mí. Mo ṣì ń rákòrò nílẹ̀, ó ń kí mi pé "Ìyá mi, ẹ kú àárọ̀." Tí Màmá bá fẹ́ nà mí, á ní, "Ṣé ìyá mi lo fẹ́ nà lójú mi?" Mo gbádùn rẹ̀ púpọ̀, kí n má purọ́. Mo fi ìyá ṣe ní gbogbo ibi tó bá ti ṣe mí láǹfààní.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, mo lọ bá Bàbá ní Ìdógùn lẹ́yìn ọdún tuntun, níbi tó ti ń di iṣu sọ́kọ̀. Mo ní ìdánwò àṣewọlé ní Pólì Ọ̀wọ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, òun ló sì fẹ́ gbé mi dé ibẹ̀. Mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà lọ́dún tó ṣáájú. Ìyá mi ti sọ fún mi gbangba pé bí èyí náà bá bọ́, kí n gba ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Mo bẹ̀rù ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ju ikú lọ.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí a gbéra, ṣùgbọ́n mímọ́ rẹ̀ kò ṣe wá láǹfààní kankan. Ètè mi ti là, eyín mi ń gbá ara wọn. A kò tíì rìn jìnnà tí kùrukùru fi dà bo títì, funfun, kò sí òkè kò sí ilẹ̀. Bàbá rọra wọ́ ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà níbi kan tí àràbà ńlá kan wà níwájú. Gbogbo wa la mọ àràbà náà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́. Ó wá ẹni tó máa fún. Ìsọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà ṣófo, òtútù ti lé alákàrà sílé. Kò sí ẹ̀dá alààyè kan níbẹ̀ àfi èmi. Ó dúró, ó ronú díẹ̀, ó sì nawọ́ sí mi.

"Ìyá mi, gbà. Má fún mi títí wàá fi rí àràbà yẹn."

Ó fi fìlà bojú, ó sùn. Aago méje kọjá. Ààbọ̀ kọjá. Mo la ojú sílẹ̀ títí ó fi ń ta mí, funfun náà ni. Nígbà tó di aago mẹ́jọ, mo ń rí ẹ̀rọ ìránṣọ kedere ju títì lọ. Mo mì í léjìká. Mo ní, "Bàbá, mo ti rí i."

Ó jí. Ó wo iwájú. Ó fi ọwọ́ nu gíláàsì nínú, ó sọ̀kalẹ̀ lọ nù ún níta, ó padà wọlé, ó tún wò. "Ibo ló wà?"

"Òun nìyẹn, Bàbá." Mo na ìka sí inú funfun yẹn. Ó wo ìka mi, ó wo kùrukùru. Ó nu ojú rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bí ìyá mi bá ti ní òun rí i, ó rí i." Ó sì gba kọ́kọ́rọ́.

Ó rọra ń lọ, ó tan iná, ó ń fọn fèrè. A kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ agbégẹdú kan ti bàjẹ́ sáàárín títì, wọn ò já ewé sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti fi kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ìdí gẹdú yọ sí wa, ó ti kù díẹ̀ kó wọlé bá wa. Bàbá fa ọwọ́ ọkọ̀, lọ́rì yà, ó sì rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú gọ́tà, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń dùbúlẹ̀. Iṣu dà sílẹ̀ gbirigbiri. Ètè mi bẹ́, ọrùn ọwọ́ Bàbá rọ́. Kò ṣe wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé eré la sá ni, èmi kọ́ ni ì bá máa sọ ìtàn yìí fún yín.

Ó yẹ ara mi wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ṣẹ́ ewé, ó lọ tò ó sójú títì, lẹ́yìn wa àti lẹ́yìn ọkọ̀ agbégẹdú, nítorí àwọn tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí iṣu kan. Ó ní, "Ọmọ rí i, èmi ò rí i. Ojú mi ti tán." Mo la ẹnu. Ẹ bá mi wò ó, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi! Ọ̀kadà kan yọ, Bàbá dá a dúró, ó gbé mi sórí rẹ̀. "Lọ ṣe ìdánwò rẹ, ìyá mi." Mo pa ẹnu dé, mo lọ. Mo pẹ́ dé, wọ́n ṣàánú mi, mo ṣe é, mo yege. Bàbá kò jókòó sídìí ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló fa lọ́rì lé ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ní màá sọ ọ́ tí mo bá wọlé sí Pólì tán. Mo wọlé. Mo ní màá sọ ọ́ tí mo bá jáde. Mo jáde, mo ríṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́, mo lọ́kọ. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tó máa ń jẹ ẹni tó pa irọ́ náà kí ọjọ́ yẹn tó pé. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ yẹ ojú wò. "Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi tí n kò mọ̀?" Kò sí nǹkan tó ṣe ojú náà! Láti orí bẹ́ǹṣì, ó ń rí ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ inú àgbàdo Màmá ní òdìkejì títì, á sì pariwo lé e. Màmá á ní, "Ojú tó ti tán náà ló rí ewúrẹ́ yẹn?" Á ní, "Ti ewúrẹ́ ló kù. Ti ọkọ̀ ti lọ."

Ọyẹ́ kejì lẹ́yìn ìyẹn ni awakọ̀ tírélà kan dúró níwájú ilé wa láti ra omi. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bàbá wò ó, ó nawọ́: "Mú un wá." Ọkùnrin náà rò pé olè ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ títí, ó fún un, ó sì sùn lábẹ́ igi máńgòrò wa fún wákàtí márùn-ún. Ó jí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òun ló sọ fún àwọn yòókù. Kí a tó mọ̀, ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin ló ń sùn níwájú ilé wa lóòjọ́, Màmá sì ń ráhùn pé òun ti wá di ìyá àwọn tó ń hanrun. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ń fọ ojú, òun náà ló ń sè é.

Kì í ṣe kí o kàn jí kó dá a padà fún ọ o. Bàbá á ní kí o ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ, láti orí àbígbẹ̀yìn lọ sókè. Bí o bá dúró lójú ọ̀nà, o ṣì ní oorun lójú nìyẹn, padà lọ sùn. Awakọ̀ ará Ìbàdàn kan, oníyàwó mẹ́ta, kà á títí, ó sọnù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo tilẹ̀ sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè kà wọ́n bẹ́ẹ̀!" Ẹ̀ka èdè ilé wa ni Bàbá ń bá wa sọ, ṣùgbọ́n tó bá kan àwọn wọ̀nyí, á yí ahọ́n padà kó lè yé wọn yékéyéké. Ó ní, "Lọ sùn. Bó o bá jí, bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìyálé."

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá, Màmá pè mí pé ikọ́ Bàbá kò lọ bọ̀rọ̀. Mo wọkọ̀ láti Àkúrẹ́. Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta wà lórí itan rẹ̀, kùrukùru bo títì. Ó ti gbẹ. Mo rí i pé tí n kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó parí. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Bàbá, mi ò rí àràbà yẹn."

"Àràbà wo?"

"Ọjọ́ ìdánwò mi. Ẹ bi mí pé ibo ló wà, mo nawọ́. Mi ò rí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa."

Ó yíjú sí mi. "Kí lo wá rí?"

"Funfun, Bàbá. Kùrukùru nìkan ni."

"Funfun gbáà?"

"Funfun gbáà."

"Èmi náà," ó ní, "funfun gbáà ni mo rí." Mo ń retí ìgbájú. Ńṣe ni bàbá olóògbé yìí fo dìde, bùláńkẹ́ẹ̀tì já bọ́, kọ́kọ́rọ́ fọ́n ká. "Ìyá Dúpẹ́! Ìyá Dúpẹ́, jáde wá gbọ́! Ojú mi ò tán o! Kò tán rí!" Àwọn awakọ̀ ta jí lábẹ́ máńgòrò. Màmá jáde pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́: "Ta ló sọ pé ó tán? Ṣebí mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?" Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́, ó ń nawọ́ sí ojú ara rẹ̀.

Ìgbà tó jókòó tán ni inú wá bí i. "Ọdún mọ́kànlá, Yétúndé!" Orúkọ mi nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo bú sẹ́kún, ó sì jẹ́ kí n sun ún tó, kò ní kí n dákẹ́. Lẹ́yìn tó pẹ́, ó ní, "Ẹjọ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Èmi tí mo mọ òfin, èmi ni mo kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó ní ìdánwò. Dìde, ìyá mi. Ilẹ̀ yìí tutù." Bó ṣe pè mí bẹ́ẹ̀ padà, mo mọ̀ pé ó ti tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò sí i. Kò sí ẹni tó kọjá níwájú ilé tí kò ní kó wá wo ojú òun. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, a gbé e lọ sọ́sibítù ní Ọ̀wọ̀, ara kò ni ín púpọ̀, oorun ló ń sùn jù. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í ṣe ará ìlú wa, tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. "Bàbá, ṣé ẹ ń rí mi?"

Bàbá ní, "Mo rí ọ kedere. Ojú mi ò bàjẹ́ rí. Ìyá mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

Nọ́ọ̀sì náà wo arúgbó tó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yí sí mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá wọn ṣì wà láyé?"

Mo ní, "Èmi ni. Òótọ́ sì ni mo sọ fún wọn."